Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń sọ íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé wa di ìgbín

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo fi gbé e wá síbí. Ráútà kan là ń lò nílé. Fóònù mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kan, láptọ́ọ̀pù tèmi àti ti àbúrò ọkọ mi. Kí ọmọ náà tó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, a ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, bó bá ti tan láptọ́ọ̀pù rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Fídíò á dúró, ìpàdé tí mo fi ń ṣiṣẹ́ á máa já, ọ̀rọ̀ lásán tí mo bá kọ lórí WhatsApp kò ní lọ. Bó bá pa á, kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo nǹkan á fi padà sípò.

Mo ti bi í títí. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ ilé ìwé lòun ń tẹ̀. Mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, òótọ́ ló sì sọ, kò ṣí nǹkan mìíràn. Ọkọ mi ní ká kúkú yọ ọ́ kúrò lórí Wi-Fi. Èmi ò fẹ́ ìyẹn, kó má lọ dà bíi pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fẹ́ rí i. Ìyára 50 Mbps, ìyẹn megabit 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, là ń sanwó fún. Windows 10 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìṣọ̀lá09 | Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kí ẹ fi Windows tuntun sí i.

Túndé Wáyà | Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Ìṣọ̀lá, rọra. A ò tíì yẹ aláìsàn wò, o ti ní ká gé e lẹ́sẹ̀. Ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì o, torí àwọn kan wà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ẹrú tí wọ́n fi ń rán lẹ́tà jìbìtì káàkiri. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tó wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ wà tó ń fa irú èyí.

Àǹtí Mọ́rẹ̀nikẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe ìdánwò kan ká tó máa méfò. Láptọ́ọ̀pù TIYÍN ni kí ẹ lò, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ `ping -t 192.168.1.1`. Àdírẹ́sì ráútà nìyẹn. Ping á máa fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ síbẹ̀, á sì máa ka iye ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) tí ìdáhùn fi padà dé. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ tẹ `ipconfig`, nọ́ńbà tó wà níwájú Default Gateway ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá ṣí fèrèsé kejì, ẹ tẹ `ping -t 8.8.8.8`, àdírẹ́sì kan tó wà níta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà ms tí ẹ bá rí sílẹ̀ nígbà tí tirẹ̀ wà ní pípa. Kó wá tan tirẹ̀, kí ẹ tún kọ ọ́.

Fèrèsé àkọ́kọ́ ń sọ bí ọ̀nà ṣe rí láti ọ̀dọ̀ yín dé ráútà. Èkejì ń sọ bó ṣe rí láti ọ̀dọ̀ yín títí dé ìta. Bí ti ráútà náà bá fò sókè, inú ilé ni àrùn wà, ìyẹn Wi-Fi tàbí wáyà. Bó bá jẹ́ ti ìta nìkan, ẹ padà wá.

Ṣẹ́gun_B | Ọjọ́ Ajé, 8:58 alẹ́

Ẹ sún un lọ sí 100 Mbps. 50 kéré fún ilé tí fóònù mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n wà.

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Kò kéré o, Ṣẹ́gun. Fídíò HD kan kò gbà ju bíi 5 Mbps lọ. Èmi àti ìyàwó pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, 20 Mbps là ń lò, a kì í sì í jà. Bó bá sì jẹ́ pé ó kéré ni, kí ló dé tó ń tó wọn nígbà tí láptọ́ọ̀pù yẹn bá wà ní pípa?

Ohun tó ṣe wá nílé tèmi ni kí n sọ. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí ògiri mẹ́ta là á láàárín òun àti ráútà. Ẹ mọ̀ pé Wi-Fi dà bí ìpàdé ẹbí, ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ìkànnì kan. Bí àgbà kan tó máa ń fa ọ̀rọ̀ bá dìde, gbogbo ilé á jókòó dè é. Láptọ́ọ̀pù tó jìnnà, tí kò gbọ́ ráútà dáadáa, á máa rọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ títí á fi máa sọ ọ́ ní 1 Mbps tàbí 2 péré. Ohun kékeré tó fẹ́ fi ránṣẹ́ á wá gba àkókò tí fóònù yín ì bá ti fi ránṣẹ́ nígbà ogún. Ọjọ́ tí mo fa wáyà lọ bá a ni àlàáfíà dé. Wáyà ni kí ẹ fi gbìyànjú, Àǹtí.

Àdùkẹ́ Òru | Ọjọ́ Ajé, 11:52 alẹ́

Ohun tí Bàbá Ìbejì sọ máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun nìyí. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹni tó wà lórí wáyà kò ní mọ nǹkan kan lára. Àǹtí, ṣé tẹlifíṣọ̀n yín wà lórí wáyà? Bó bá wà níbẹ̀, tó ṣì ń dúró, Wi-Fi kọ́ ni. Ká sáà dúró de èsì ping.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:36 alẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí wáyà, ó sì ń dúró. Èsì rèé:

Nígbà tó wà ní pípa: ráútà 2 ms, ìta 24 ms.
Nígbà tó wà ní títàn: ráútà 4 ms, ìta 870 ms, ó sì ń kọ Request timed out lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo tún ṣe ohun kan fúnra mi. Mo ṣí Task Manager lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, mo lọ sí Performance, mo tẹ Wi-Fi. 4.7 Mbps péré ni mo rí níbẹ̀. Nínú 50, kí ni 4.7? Kò tó ìdá mẹ́wàá. Mo ti fẹ́ bẹ ọmọ ọlọ́mọ, àbí ráútà wa ló ti gbó?

Àdùkẹ́ Òru | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:41 alẹ́

Àǹtí, ẹ má tíì bẹ ẹnikẹ́ni. 4.7 yẹn, iwájú Send ló wà àbí iwájú Receive?

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́

Send. Receive kò ju 0.2 lọ.

Àdùkẹ́ Òru | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:33 alẹ́

Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa tirẹ̀, ẹ lọ ṣe ìdánwò ìyára lórí tiyín, kí ẹ wo nọ́ńbà kejì, ti upload, ìyẹn ohun tó ń jáde. Mo lè fi ọrùn mi búra pé kò ní ju 5 tàbí 6 lọ.

50 tí ẹ ń sanwó fún, ti ohun tó ń wọlé ni. Ọ̀pọ̀ ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ilé ni ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀ kéré gan-an sí ti àbáwọlé. Láptọ́ọ̀pù yẹn ń kó nǹkan kan jáde, ó sì ti dí ẹnu ọ̀nà náà pa.

Ẹ ó wá béèrè pé, bí àbájáde bá dí, kí ló kan fídíò tó ń wọlé? Ohun tó kàn án ni pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń wọlé ló ní rìsíìtì. Bí fídíò bá ti dé díẹ̀díẹ̀, tẹlifíṣọ̀n yín á máa dá rìsíìtì padà fún ibi tó ti ń bọ̀ pé òun ti rí i gbà. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kò ní fi púpọ̀ sí i láìrí rìsíìtì. Rìsíìtì yìí kéré bí ọmọ eèrà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ló ń gbà jáde, ẹ̀yìn ẹrù láptọ́ọ̀pù yẹn ló sì ti máa tò.

Ìlà yẹn gùn, torí módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó so ráútà yín mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ìta, kì í fẹ́ da nǹkan nù. Ohun tó bá dé, á kó o sí ààyè ìpamọ́ rẹ̀ títí á fi kún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ping yín fi bíi 850 ms lé ní ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà bá ń gbé 5 Mb jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a jẹ́ pé ó lé ní 4 Mb tó tò kalẹ̀ síwájú gbogbo ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ìyẹn bí ìdajì MB, torí Mb mẹ́jọ ló wà nínú MB kan. Ìdajì MB péré ló ń da gbogbo ilé rú! Jim Gettys, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ló sọ èyí lórúkọ ní 2010, ó pè é ní bufferbloat.

Ṣẹ́gun_B | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:49 alẹ́

Upload ò kan download, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Túndé Wáyà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:55 alẹ́

Ṣẹ́gun, Àdùkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ tán lókè. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lóòótọ́, rìsíìtì ló so wọ́n pọ̀. Dánwò ní ilé tìrẹ: fi fídíò ńlá kan ránṣẹ́ láti fóònù rẹ, kí o máa wo ping.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

Download 48.6, upload 5.1. Háà! Ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Báwo ni mo ṣe máa wá mọ ohun tó ń kó jáde?

Túndé Wáyà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 alẹ́

Lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ẹ tẹ `resmon` sínú àpótí ìwákiri Windows. Resource Monitor á ṣí. Ẹ lọ sí Network, ẹ tẹ orí Send (B/sec) kí èyí tó pọ̀ jù gòkè. Orúkọ ètò tó ń ṣe é wà lápá òsì.

Ìṣọ̀lá09 | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:25 alẹ́

Bó bá jẹ́ svchost.exe lẹ rí, mo ti sọ ọ́, fáírọ́ọ̀sì ni.

Àdùkẹ́ Òru | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ìṣọ̀lá, o ò ní kó àwọn èèyàn láyà jẹ lálẹ́ yìí. svchost.exe jẹ́ ara Windows fúnra rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ́nú ti ń ṣe tiwọn. Ọ̀kan lára wọn ni Delivery Optimization, tó lè máa fi àtúnṣe Windows tí kọ̀ǹpútà yín ti gbà ṣọwọ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Delivery Optimization, kí ẹ pa Allow downloads from other PCs. Ó parí. Ẹ ò nílò láti pa kọ̀ǹpútà rẹ́.

Ohun tó lè mú mi fura sí svchost ni bó bá ń jáde láti fódà tí kì í ṣe C:\Windows\System32 tàbí SysWOW64.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́rú, 6:58 àárọ̀

Kì í ṣe svchost. Ètò tó ń kó fáìlì pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó bá láptọ́ọ̀pù náà wá. Mo pe ọmọ náà, mo fi hàn án, ẹnu yà á. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí òun dé lòun kó gbogbo fọ́tò àti fídíò inú fóònù òun sínú fódà Pictures kí ààyè lè wà lórí fóònù. 40 GB! Kò mọ̀ pé ètò kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ fódà yẹn. Torí náà òótọ́ ló ń sọ, kò ṣe nǹkan kan. Mo ti pa ètò náà. Ping ti padà sí 25. Ṣé kí n kúkú yọ ọ́ kúrò pátápátá?

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Ẹ má yọ ọ́! Ọmọ yẹn ti kó fọ́tò kúrò lórí fóònù. Bí láptọ́ọ̀pù bá jábọ́ lọ́la, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó, mo ti ṣírò rẹ̀. 5.1 Mbps jẹ́ bíi 0.64 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 40 GB kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ lọ. Kí ló wá dé tó fi di ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ̀yin náà ni! Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti pariwo pé kó pa á, iṣẹ́ dúró. Àwọn ètò kan sì wà, bí fídíò ńlá bá já lágbede méjì, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ń lé e, ó ń padà wá.

Ṣẹ́gun_B | Ọjọ́rú, 8:02 àárọ̀

Ṣebí ráútà ní QoS, ètò tó ń sọ ẹ̀rọ tó máa ṣáájú àti èyí tó máa tẹ̀lé e. Ẹ tan án, kí ẹ fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Túndé Wáyà | Ọjọ́rú, 12:15 ọ̀sán

Èyí sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀. QoS tó kàn ń to àwọn ẹ̀rọ ní ipò kò ní ran yín lọ́wọ́ bí ráútà kò bá mọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Inú módẹ́ẹ̀mù ni ìlà ti ń gùn, ráútà kò sì ní àṣẹ níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ iye tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti gidi fún ráútà, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìlà á máa wà. Nínú 5.1, ẹ fún un ní 4.5.

Àdùkẹ́ Òru | Ọjọ́rú, 12:40 ọ̀sán

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ráútà bá ní SQM, ètò tó ń ṣàkóso ìlà fúnra rẹ̀, òun ni kí ẹ lò, ẹ ò nílò láti to ẹnikẹ́ni sípò. fq_codel tó wà nínú rẹ̀ máa ń pín ìlà kan sí ọ̀pọ̀ ìlà kéékèèké, á máa mú díẹ̀díẹ̀ nínú ìkọ̀ọ̀kan, rìsíìtì tẹlifíṣọ̀n kò ní tò sẹ́yìn ẹrù ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní RFC 8290, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2018. OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò èyí tó bá ráútà wá, ní in, ó sì ní CAKE, irú rẹ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán

Àdùkẹ́, má jẹ́ kí Àǹtí lọ fi OpenWrt sórí ráútà tí kò sí nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ o. Mo ti sọ ọ̀kan di òkúta bẹ́ẹ̀ rí, ó ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ mi títí dòní. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ lọ sínú ètò ìpamọ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ibi tí ẹ ti lè fi òdiwọ̀n sí upload. Ẹ fi sí 2 Mbps lọ́sàn-án, kí ẹ yọ òdiwọ̀n lóru, kí ẹ sọ fún láptọ́ọ̀pù náà kó má sùn.

Káyọ̀dé_L | Ọjọ́rú, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ forí jì mí tí mo já wọlé. Èmi ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ping ráútà fúnra rẹ̀ ló lọ sí 1500 ms, kọ̀ǹpútà orí wáyà ni. Mo yọ wáyà ìta kúrò lẹ́yìn ráútà, síbẹ̀ iná ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ya wèrè. Ẹnì kan ló ti ki orí wáyà kan náà méjèèjì bọ inú swíìṣì, àpótí tó ń so àwọn wáyà pọ̀, nígbà tó ń to tábìlì, ọ̀rọ̀ wá ń yí po nínú rẹ̀. Mo yọ orí kan, ó tán. Ẹni tí ping ráútà rẹ̀ bá fò, kó lọ wo àwọn wáyà rẹ̀.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́bọ̀, 9:12 àárọ̀

Mo fi òdiwọ̀n sí i, mo kọ 2 síbẹ̀. Ping dáa gan-an. Ṣùgbọ́n láti àná títí di òwúrọ̀ yìí, fọ́tò mélòó kan péré ló lọ. Ó ṣì ku 26 GB.

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́bọ̀, 9:20 àárọ̀

Àǹtí, ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Ṣé kì í ṣe KB/s ló wà níbẹ̀?

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́bọ̀, 9:23 àárọ̀

KB/s ni. 😩

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́bọ̀, 9:26 àárọ̀

Ẹ kọ 250. Bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan, torí náà 2 Mbps jẹ́ 250 KB/s. Bó bá jẹ́ 2 lẹ fi sílẹ̀, ọmọ yẹn á parí ilé ìwé, á gbéyàwó, fọ́tò ò ní tíì tán.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́ Àìkú, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. 250 lọ́sàn-án, kò sí òdiwọ̀n lóru, ó parí lánàá ní nǹkan bí aago mẹ́rin àárọ̀. Lọ́sàn-án tó ń ṣiṣẹ́ lọ, ping kò kọjá 35, mo sì ṣe ìpàdé wákàtí méjì tí kò já rárá. Ráútà wa kò ní SQM, mo wò ó. Ó ní ibi tí mo ti lè fi òdiwọ̀n sí ìkọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi iye tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń kó jáde hàn.

Èyí ló jẹ́ kí n rí ohun kan lọ́sàn-án yìí. Ping ṣàdédé fò sí 640, láptọ́ọ̀pù ọmọ náà sì wà ní pípa. Ọkọ mi ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti pálọ̀. Mo ṣí ojú ewé ráútà: fóònù ọkọ mi ló wà lókè pátápátá, 4.9 Mbps, fídíò ìgbéyàwó tí a lọ lánàá ló ń kó lọ.

Túndé Wáyà | Ọjọ́ Àìkú, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Ṣé ẹ máa yọ àwọn náà kúrò lórí Wi-Fi? 😂

Mọ́rẹ̀nikẹ́ | Ọjọ́ Àìkú, 5:44 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fi wọ́n sí 250.